Bí a ṣe tún àṣìṣe fèésì ṣe lórí ìkànnì 100G láti Àbújá dé Kánò

Mo kọ àkọsílẹ̀ yìí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí ń bójú tó okùn fáíbà ọ̀nà jíjìn ní Òkè Ọya, pàápàá àwọn tí wọ́n bá ìkànnì 10G àtijọ́ (èyí tí ń gbé bíìtì bílíọ̀nù 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lójú iṣẹ́, tí wọ́n sì ń fi káàdì 100G tuntun há àárín wọn. Okùn kò já, ìmọ́lẹ̀ kò rẹ̀ sílẹ̀, síbẹ̀ iṣẹ́ oníbàárà ń já, a sì lo àkókò púpọ̀ lórí ohun tí kò jẹ mọ́ ọn kí a tó rí i pé fèésì ni ìṣòro náà wà, ìyẹn ibi tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ dé nínú yíyí rẹ̀ ní àkókò tí ẹ̀rọ ìgbàwọlé kà á. Èrò mi ni pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wo ìrísí àwọn àmì fúnra wọn, kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, yóò mọ ibi tí àìsàn náà ti wá ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo.

1. Ọ̀nà náà àti àìsàn rẹ̀

Okùn náà jẹ́ irú G.652, irú okùn fáíbà tí ó wọ́pọ̀. Gígùn rẹ̀ súnmọ́ 450 km láti yàrá ẹ̀rọ wa ní Àbújá, ó gba Jere, Kàdúná àti Zaria kọjá kí ó tó dé Kánò. Ìpín 6 ni a pín in sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó 75 km, ámpílífáyà, ẹ̀rọ tí ń fi agbára kún ìmọ́lẹ̀, sì wà ní òpin ìpín kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ títún ọ̀nà mọ́tò Àbújá sí Kánò ṣe ti gé e níbi púpọ̀, a sì ti so ó padà léraléra, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tí ń ṣòfò lójú ọ̀nà pọ̀ ju ti okùn tuntun lọ. Ìkànnì 10G ni wọ́n kọ́ ọ̀nà náà fún ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyí tí àpótí DCM fi wà ní ibùdó kọ̀ọ̀kan láti dá ìfọ́nká ìmọ́lẹ̀ padà, ìyẹn bí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan ṣe ń fi èkejì sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ìfọ́nká tí ó máa ń tó 17 ps/nm lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan ní àyíká 1550 nm (ps kan jẹ́ ìdá kan nínú tírílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá). Ẹ jẹ́ kí àpótí DCM yìí dúró lọ́kàn yín, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

Fíríkúẹ́ńsì ìmọ́lẹ̀ ni a fi ń dárúkọ àyè ìkànnì. Àwọn ìkànnì 10G kún àyè láti 193.00 THz títí dé 193.70 THz, 50 GHz ni ó sì wà láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì. Àyè kan ṣoṣo tí ó ṣófo láàárín wọn ni 193.40 THz, ibẹ̀ sì ni wọ́n fi káàdì 100G sí, kí àyè òkè lè wà ní ìpamọ́. Káàdì náà jẹ́ irú coherent, èyí tí ń fi lésà tirẹ̀ ka fèésì ìmọ́lẹ̀ ní ìgbàwọlé, ó ń lo QPSK lórí ọ̀nà ìdojúkọ ìmọ́lẹ̀ (polarisation) méjèèjì, ìyára rẹ̀ jẹ́ 32 GBaud, ìyẹn àmì bílíọ̀nù 32 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó túmọ̀ sí pé àmì kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí 31 ps lọ. Nínú QPSK, fèésì ni ó ń gbé ọ̀rọ̀: àmì mẹ́rin ni ó wà, 90° ni ó ya ọ̀kan sí èkejì, bí àmì kan bá sì yí ju 45° lọ, ẹ̀rọ yóò kà á sí aládùúgbò rẹ̀.

Ohun tí a rí nìyí. Òǹkà àṣìṣe ṣáájú FEC (ètò tí ń tún àṣìṣe bíìtì ṣe ní ìgbàwọlé) ń lọ sókè sódò láàárín 5×10⁻³ àti 8×10⁻³, bẹ́ẹ̀ sì ni FEC káàdì náà lè tún àṣìṣe ṣe títí dé nǹkan bí 2×10⁻². Lójú òǹkà yìí, kò yẹ kí àṣìṣe kankan kọjá sí ọ̀dọ̀ oníbàárà. Ṣùgbọ́n àwọn férémù, ìyẹn ìdì dátà, tí FEC kò rí tún ṣe ń jáde lójijì, ní ìdìpọ̀, lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan yóò tún mọ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. OSNR, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ iṣẹ́ ṣe lágbára ju ariwo lọ tó, jẹ́ 18 dB, agbára ìmọ́lẹ̀ tí ń wọlé sì dára.

2. Ìnumọ́ àti agbára

Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ni àwa náà ti bẹ̀rẹ̀. A fi awò wo ẹnu kọnẹ́tọ̀ gbogbo ní Àbújá àti ní Kánò, a rí ọ̀kan tí eruku ọyẹ́ ti lẹ̀ mọ́, a nu ún, agbára ìmọ́lẹ̀ sì gbé sókè díẹ̀. Àṣìṣe kò yí padà.

Lẹ́yìn náà ni a gbìyànjú láti fi agbára kún ìkànnì 100G fúnra rẹ̀, láti 0 dBm sí +1 dBm ní ẹnu ìpín kọ̀ọ̀kan. Òǹkà náà sàn díẹ̀. Nígbà tí a gbé e dé +3 dBm, ó burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, a sì dá a padà sí 0 dBm. Ó yẹ kí èyí ti ta ẹnikẹ́ni lólobó: bí ó bá jẹ́ pé ariwo ámpílífáyà ni ó ń yọ ìkànnì lẹ́nu, gbogbo dB tí a bá fi kún un ni yóò ṣe é lóore títí a ó fi dé ibi tí nǹkan míràn yàtọ̀ sí ariwo ti gba ìjọba, ní +3 dBm a sì ti kọjá ibẹ̀.

3. Ooru Kánò

Oníbàárà ń ké ní ọ̀sán ju ní òru lọ, oṣù tí ooru Kánò máa ń le koko ni a sì wà. Nígbà tí iná ìjọba bá lọ, ẹ̀rọ amúlétutù yóò dákẹ́ títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi gbà á, yàrá náà a sì gbóná. Gbogbo wa ni a gbà pé lésà ni ooru ń yí kúrò ní ipò rẹ̀.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n wa tí ń bójú tó yàrá Kánò bá mi ka òǹkà kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ frequency offset sí, kí ẹ sì máa kà á fún mi bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i." Òǹkà yìí ni ìyàtọ̀ láàárín fíríkúẹ́ńsì lésà ìránṣẹ́ àti ti lésà ìgbàwọlé. Láti 0.3 GHz ni ó ti gbéra, ó sì dé 0.9 GHz kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á. Ó jọ pé a ti rí i mú. A tún lésà ìgbàwọlé tò, a pe àwọn tí ń tún amúlétutù ṣe, a sì ra dísẹ́ẹ̀lì sí i kí jẹnẹrétọ̀ má baà dákẹ́. Lọ́jọ́ tí yàrá náà tutù láti àárọ̀ dé alẹ́, àṣìṣe ṣì jáde ní ìdìpọ̀.

Ìṣirò tí ó yẹ kí ó ṣáájú dísẹ́ẹ̀lì nìyí, mo sì gba gbogbo ẹni tí yóò ṣe irú iṣẹ́ yìí níyànjú láti kọ́kọ́ ṣe é. Bí lésà ìránṣẹ́ àti ti ìgbàwọlé bá fi 0.9 GHz yàtọ̀ síra, àmì kọ̀ọ̀kan yóò yí ní nǹkan bí 10° ju èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ, nítorí 0.9 nínú 32, nígbà 360°, ni. Yíyí yẹn dọ́gba, ó ń lọ sí ìhà kan ṣoṣo, ẹ̀rọ sì lè mọ̀ ọ́n kí ó yọ ọ́ kúrò, níwọ̀n ìgbà tí ìyàtọ̀ náà kò bá ju ìdámẹ́jọ ìyára àmì lọ, ìyẹn 4 GHz lórí káàdì yìí. A kò súnmọ́ ààlà náà rárá. Ní ti gbígbọ̀n lésà fúnra rẹ̀, fífẹ̀ ìlà ìmọ́lẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju 100 kHz lọ, tí a bá pa méjèèjì pọ̀ ó di 200 kHz. Ní ìpíndọ́gba, èyí kò lè mú kí fèésì gbọ̀n ju nǹkan bí 0.36° lọ láti àmì kan sí èkejì. Ooru kò jẹ̀bi. Oníbàárà kì í ṣiṣẹ́ ní òru ni kò jẹ́ kí ó ké ní òru. Nígbà tí a wo àkọsílẹ̀ káàdì, ìdìpọ̀ àṣìṣe ń bẹ ní òru gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní ọ̀sán.

4. Wíwo àwọn àmì fúnra wọn

Káàdì náà ní ẹnu ìdánwò kan tí a lè ti inú rẹ̀ kó àwọn àmì jáde kí ẹ̀rọ tó tún fèésì wọn ṣe. A gba àyè lọ́wọ́ oníbàárà, a fi PRBS, ìyẹn bíìtì àdánwò tí a ti mọ̀ ṣáájú, ránṣẹ́ láti Àbújá, a sì kó àmì 65,536 jáde ní Kánò, èyí tí kò ju nǹkan bí 2 µs iṣẹ́ ọ̀nà náà lọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, Python àti NumPy ni gbogbo irinṣẹ́ tí a lò láti ibí lọ, kò sì sí èyí tí a fi owó rà nínú wọn.

Ọ̀nà tí a gbà tún fèésì ṣe lórí kọ̀ǹpútà náà jẹ́ èyí tí Andrew Viterbi àti Audrey Viterbi gbé jáde ní 1983, ó sì rọrùn láti fi ọwọ́ yẹ̀ wò. Àwọn àmì QPSK wà ní 45°, 135°, 225° àti 315°. Bí a bá gbé àmì kọ̀ọ̀kan sí agbára mẹ́rin, ìgun rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì bọ́ sí 180° lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé ti parẹ́, àṣìṣe fèésì nìkan ni ó kù, ó sì ti di ìlọ́po mẹ́rin. A ó wá ìpíndọ́gba rẹ̀ lórí àmì mélòó kan tí ó wà nítòsí ara wọn, a ó pín ìgun náà sí mẹ́rin, a ó sì yí àmì àárín padà ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Kí a tó ṣe èyí, FFT (ìṣirò tí ń fi fíríkúẹ́ńsì hàn) àwọn àmì tí a ti gbé sí agbára mẹ́rin ni a fi wá ìyàtọ̀ lésà: ṣóńṣó kan ṣoṣo ni yóò yọ, ìdámẹ́rin ipò rẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ náà.

Nígbà tí a ya àwòrán constellation jáde, èyí tí ń fi ìgun àti agbára àmì kọ̀ọ̀kan hàn, ọ̀rọ̀ náà hàn. Bí ó bá jẹ́ ariwo ámpílífáyà ni ó ń dà wá láàmú, ìṣùpọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ì bá rí roboto, kí wọ́n sì fẹ̀ bákan náà sí gbogbo ìhà. Èyí tí a rí kò rí roboto. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn yí ká, bí ẹni fi ìka fa epo pupa lọ lẹ́bàá etí àwo, ṣùgbọ́n láti àárín síta, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tí ó ń yí fèésì láìfọwọ́ kan agbára ìmọ́lẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, yíyí rẹ̀ sì yára ju ti lésà lọ. Lórí àwòrán kejì, tí ó ń fi fèésì hàn láti àmì dé àmì, a rí i tí ó ń gbéra tí ó sì ń padà láàárín àmì díẹ̀. Ní ibì kan ó gbéra, kò sì padà sí ibi tí ó wà, ó dúró sí 90° sí ibẹ̀.

Ìyọ̀ fèésì nìyẹn. Lẹ́yìn tí fèésì bá ti yọ̀ ní 90°, ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Àwọn ìṣùpọ̀ ṣì wà ní ipò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n orúkọ wọn ti yí, ìdajì àwọn bíìtì ni yóò sì máa jáde ní àṣìṣe títí ohun kan yóò fi tún un ṣe. Kò sí FEC tí ó lè gbé ìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí òǹkà àpapọ̀ fi dára tí férémù sì ń bàjẹ́ ní ìdìpọ̀.

5. Pípa àwọn aládùúgbò

Ohun tí ó lè yí fèésì ìkànnì kan kíákíá lórí okùn tí kò mì ni agbára ìkànnì míràn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìkànnì 10G ń sọ̀rọ̀ nípa títan ìmọ́lẹ̀ àti pípa á. Nígbàkúùgbà tí ó bá tàn, ó ń yí ìyára ìmọ́lẹ̀ padà díẹ̀ nínú gíláàsì okùn, fèésì ìkànnì 100G sì ń sún. Bíìtì 10G kan jẹ́ 100 ps, ìyẹn àmì mẹ́ta àti díẹ̀ lórí káàdì wa, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni yíyí tí a rí lórí àwòrán ṣe yára tó.

Láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, a gba àṣẹ, a kó iṣẹ́ tí ó wà lórí 193.35 THz àti 193.45 THz gba ọ̀nà míràn ní òru, a sì pa méjèèjì. Àṣìṣe ṣáájú FEC bọ́ sílẹ̀ láti 6×10⁻³ sí 4×10⁻⁴ lójú ẹsẹ̀. A tàn wọ́n padà, ó gòkè padà. Kò sí ohun tí ó yí padà nínú OSNR. Nínú gbogbo ohun tí a ṣe, ìdánwò yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé kò gba irinṣẹ́ kankan, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún àríyànjiyàn.

Àpótí DCM ni ó mú kí ó le tó bẹ́ẹ̀. Láàárín ìkànnì méjì tí 50 GHz yà sọ́tọ̀, ìyàtọ̀ àwọ̀ wọn jẹ́ nǹkan bí 0.4 nm, nítorí náà ọ̀kan ń fi èkejì sílẹ̀ ní bí 7 ps lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Nínú nǹkan bí 20 km àkọ́kọ́ tí ìmọ́lẹ̀ ṣì lágbára, ìyàtọ̀ náà kò ju bíìtì kan àti díẹ̀ lọ, bíìtì kan náà sì ń ti fèésì wa sí ìhà kan náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn ìpín náà, DCM á tún tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí wọ́n ṣe wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ìpín tí ó tẹ̀ lé e á sì fi ìbàjẹ́ kan náà kún ti àkọ́kọ́. Ìpín 6 ni a ní. Káàdì coherent kò nílò DCM rárá, ó lè tún ìfọ́nká ṣe fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn 10G kò lè gbé láìsí i, a kò sì lè yọ ọ́.

6. Ìpíndọ́gba kúkúrú

Káàdì náà ní ètò mẹ́ta fún iye àmì tí ó ń fi wá ìpíndọ́gba: gígùn, àárín àti kúkúrú. Gígùn ni wọ́n gbé e wá pẹ̀lú. A fi àwọn àmì tí a kó jáde dán iye oríṣiríṣi wò lórí kọ̀ǹpútà kí a tó fọwọ́ kan ọ̀nà tí ènìyàn ń lò.

Pẹ̀lú àmì 65, àṣìṣe jẹ́ 7×10⁻³. Àmì 65 gba nǹkan bí 2 ns, bíìtì 10G bí 20 ni ó wà nínú rẹ̀, ìpíndọ́gba náà sì ń pa ohun gan-an tí ó yẹ kí ó máa tẹ̀ lé rẹ́. Pẹ̀lú 33 ó jẹ́ 5×10⁻³, pẹ̀lú 17 ó di 3×10⁻³. Ní 5, ariwo ámpílífáyà gba ìjọba: ìpíndọ́gba kò rí àmì tó láti fi dúró, ìyọ̀ fèésì sì pọ̀ débi tí kò ṣeé lò. Ohun tí ó ràn wá lọ́wọ́ ni pé ọ̀nà ìdojúkọ méjèèjì ń lo lésà kan náà, tí aládùúgbò kan náà sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Nígbà tí a pa àmì méjèèjì pọ̀ kí a tó wá ìpíndọ́gba, 11 tó wa, àṣìṣe sì jẹ́ 2.4×10⁻³.

Lórí káàdì, a yí i sí kúkúrú. A sì tan differential coding, èyí tí ó ń fi ọ̀rọ̀ sínú ìyàtọ̀ láàárín àmì kan àti èkejì, tí ó fi jẹ́ pé bí fèésì bá yọ̀, ibi tí ó ti yọ̀ nìkan ni yóò bàjẹ́, ohun tí ó tẹ̀ lé e yóò sì mọ́. Ó ní ohun tí ó ń gbà: àṣìṣe lásán máa ń súnmọ́ ìlọ́po méjì, nítorí àmì kan tí a bá ṣì kà ń ba ìyàtọ̀ méjì jẹ́. Òǹkà káàdì dúró ní 5×10⁻³ lẹ́yìn ètò méjèèjì, bí ẹni pé a kò rí nǹkan kan ṣe, ṣùgbọ́n ìdìpọ̀ àṣìṣe dúró. Ẹni tí ó bá ń wo òǹkà yẹn nìkan yóò sọ pé a kò tún nǹkan ṣe, oníbàárà sì ti dẹ́kun kíké.

7. Kíkó ìkànnì kúrò láàárín wọn

Èmi kò fẹ́ kí ọ̀nà náà máa gbé lórí differential coding nìkan. A kọ́kọ́ dín agbára àwọn 10G tí ó súnmọ́ kù ní 1.5 dB; ó ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn tí ó ti dàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àṣìṣe hàn, a sì dá a padà.

Ohun tí ó kù ni àyè. Láti 193.70 THz tí 10G parí sí, a gbé 100G lọ sí 194.00 THz, ìyẹn 1545.32 nm, 300 GHz sì wà láàárín òun àti aládùúgbò tí ó súnmọ́ ọn jù. Ní ìwọ̀n yẹn, ìkànnì méjèèjì ń fi ara wọn sílẹ̀ ní bí 41 ps lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan, bíìtì tí ó ju mẹ́jọ lọ ni yóò kọjá lára àmì wa nínú 20 km àkọ́kọ́, títan àti pípa wọn á sì pa ara wọn rẹ́. Iṣẹ́ náà lọ báyìí: a dá iṣẹ́ oníbàárà dúró ní òru; a yọ okùn kékeré kúrò lẹ́nu 193.40 lára mux (ẹ̀rọ tí ń pa àwọn ìkànnì pọ̀ sínú okùn kan) ní Àbújá àti ní Kánò, a nu ún, a fi sí ẹnu 194.00, a yí lésà ìránṣẹ́ àti ti ìgbàwọlé sí fíríkúẹ́ńsì tuntun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, lẹ́yìn èyí ni a wá tò agbára ní ámpílífáyà kọ̀ọ̀kan, láti Àbújá lọ sí Kánò, nítorí pé agbára tí ámpílífáyà ń fún àyè tuntun náà kò bá ti àtijọ́ dọ́gba. Títò agbára yìí ni ó gba àkókò jù, kò sì ṣeé fò.

Àṣìṣe ṣáájú FEC jẹ́ 5×10⁻⁵ ní òwúrọ̀. A pa differential coding, a fi ìpíndọ́gba sí àárín, òǹkà náà tún bọ́ sílẹ̀ díẹ̀, férémù kankan kò sì tíì bàjẹ́ láti ìgbà náà. OSNR ṣì jẹ́ 18 dB.

8. Ohun tí ó ná wa

Owó tí ó jáde kò pọ̀: okùn kékeré LC méjì, ohun ìnumọ́, owó ọkọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì àti àtúnṣe amúlétutù ni ó gba owó jù, kò sì sí èyí tí ó kan fèésì nínú méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá Kánò nílò amúlétutù náà. Ìnáwó tòótọ́ ni àyè 5 tí ó wà láàárín 193.75 THz àti 193.95 THz, tí 10G kankan kò gbọdọ̀ wọ̀ mọ́. A ti lẹ ìwé mọ́ ara mux ní Àbújá àti Kánò lórí ẹnu márùn-ún náà. Káàdì 100G míràn lè wọ ibẹ̀, nítorí pé QPSK kì í tan ìmọ́lẹ̀ kí ó sì pa á bí 10G ti ń ṣe, ìyọnu tí ó ń fún aládùúgbò sì kéré gan-an. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé ni a ó fi sí 193.95 THz, a ó sì fi ètò differential coding rẹ̀ sílẹ̀ ní títàn títí a ó fi kó àmì rẹ̀ jáde wò.